Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Fọ Omi Ilé Iṣẹ́ Oògùn

Ọjọ́ tí Mádàámù Ọláìtán kọ́kọ́ wọ ọgbà ilé iṣẹ́ wa, ẹ̀gẹ́ ló béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi dáadáa, mo ti to gbogbo ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ omi sórí tábìlì, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀mọ̀wé kan ń bọ̀ láti yunifásítì. Ó kí mi, ó wo kòtò omi ìdọ̀tí, ó rìn dé etí odò lẹ́yìn ọgbà, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí ẹ̀gẹ́ tútù rà ládùúgbò yìí?" Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ilé iṣẹ́ náà wà láàárín Ìbàfò àti Mowé, mo sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ láti ibi tí mo máa ń jókòó sí. Kápúsù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, oògùn apakòkòrò, irú èyí tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí egbò rẹ̀ ń kẹ̀ tàbí tí ikọ́ rẹ̀ kò lọ. Iṣẹ́ tèmi kò kan oògùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀rọ, tí wọ́n fọ ilẹ̀, gbogbo omi tí wọ́n lò, pẹ̀lú ìyẹ̀fun oògùn tó ti yọ́ sínú rẹ̀, á gba inú gọ́tà wá sínú kòtò ńlá kan tí wọ́n kọ́ ilé kékeré lé lórí. Látinú kòtò yẹn, ó di odò. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin ní Ìkìrun kí bàbá mi tó kú, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka mítà. Wọ́n ní kí n máa kọ iye omi tó wọlé àti iye tó jáde. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló wà nínú omi náà.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe fùfú ní abúlé ìsàlẹ̀ odò ló kọ́kọ́ béèrè. Omi odò yẹn ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, tàbí pákí, bí àwọn onílé ibẹ̀ ṣe ń pè é. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fùfú mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá rẹ lónìí, tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á ti rọ̀, á ti kan, òórùn rẹ̀ á sì ti gba gbogbo ilé. Tiwọn kò rọ̀ mọ́. Wọ́n á rẹ ẹ́ títí ọjọ́ mẹ́fà, á ṣì le bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á. Àgbà wọn, Ìyá Ràbì, gbé díẹ̀ wá sí ẹnu géètì nínú igbá, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ wò. Omi yín ti sọ ọ́ di igi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló gbọ́ ọ rí pé omi ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Kò bá mi jà. Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ bá baálẹ̀, baálẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, títí àwọn ọ̀gá wa fi lọ ké sí Mádàámù Ọláìtán.

Òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà fún mi. Ó ní ẹ̀gẹ́ kì í dédé kan, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń mú un kan. Oògùn wa sì rèé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa kòkòrò, kò mọ kòkòrò inú egbò yàtọ̀ sí ti inú ìkòkò fùfú. Bí omi wa ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yẹn, oògùn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Oògùn náà ni àwọn ọmọ wọn ń mu láràárọ̀ láìṣàìsàn, ó ní tó bá wá di ọjọ́ tí àìsàn dé lóòótọ́, kápúsù lè má ran wọn mọ́. Mo rántí pé mo lọ fọ ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà àbáyọ tó mú wá ni ìlẹ̀kẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ la pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí oògùn náà kò rí gbé ṣe, torí wọ́n ní ohun kan tó máa ń gé oògùn náà sí méjì kó tó kàn wọ́n. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò lẹ́mìí, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n rántí ọkà bàbà tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó fi pọn ọtí: kí ló sọ ọ́ di dídùn? Ẹ́ńsáìmù náà ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí a bá dà á sínú omi lásán, omi á gbé e lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àfi ká dè é mọ́ ibì kan, kí omi máa kọjá lára rẹ̀, kí òun má kọjá.

Bó ṣe ń dè é rèé. Ó ń po ẹ́ńsáìmù mọ́ ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ṣe látara ewéko inú òkun, á ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Á fà á sínú síríńjì, á máa kán an tó, tó, tó sínú omi iyọ̀ kan. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá ti kan omi yẹn, á dì, á rí roboto bí ẹyin ẹja. Ẹ́ńsáìmù ti há sínú rẹ̀ nìyẹn. Ó tún ń rẹ wọ́n sínú oògùn kan tó ń ta ni lójú, kí wọ́n lè le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kán ìlẹ̀kẹ̀. A rọ wọ́n sínú páìpù rọ́bà ńlá mẹ́rin tí a gbé nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kòtò, omi ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gba òkè jáde.

Làmídì ló so àwọn páìpù náà. Púlọ́mbà ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ajùwọ̀n ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, Sùlìyá. Àwa méjèèjì la jọ ń tọ́jú kòtò, mo sì jù ú lọ, ló ṣe ń pè mí ní Bọ̀dá Tàfá. Ẹlẹ́fẹ̀ ni. Ọjọ́ tí a ń rọ ìlẹ̀kẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Tàfá, ayé mà ti dé o. Odò náà ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí. Ẹ bá mi bi Mádàámù bóyá ó kù fún ìyàwó mi."

Kò mọ̀ pé Mádàámù wà lẹ́yìn òun. Mádàámù ní, "Ó kù. Àmọ́ bó bá so ó, kó má lo kápúsù mọ́ láyé, torí kò ní ṣiṣẹ́ lára ẹ̀." Làmídì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gẹ́ tó béèrè lọ́jọ́ kìíní ló fi dán iṣẹ́ wò. Ó rẹ díẹ̀ sínú omi tó ti inú kòtò wá, ó rẹ díẹ̀ sínú omi tó ti gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, ó sì ránṣẹ́ pe Ìyá Ràbì ní ọjọ́ kẹrin. Ìyá náà tẹ ti ọwọ́ òsì, ó le. Ó tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún, ìka rẹ̀ wọnú ẹ̀gẹ́. Ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ó ti kan." Ó yíjú sí mi, ó wò mí. Láti ọjọ́ yẹn, fún bí oṣù mẹ́rin, àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ odò ń ṣe fùfú wọn bí ti tẹ́lẹ̀.

Òfin tí Mádàámù fún wa kò pọ̀. Sódà kọ́sítíìkì ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, ìlẹ̀kẹ̀ kò sì fẹ́ kọ́sítíìkì. Nítorí náà, láràárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn omi sí páìpù, Làmídì á da ásíìdì sínú kòtò díẹ̀díẹ̀ láti pa agbára kọ́sítíìkì náà, á máa ti bébà kékeré kan bọ̀ ọ́ títí àwọ̀ bébà yóò fi bá èyí tí Mádàámù yà fún wa mu. Òfin kejì ni pé a kò gbọdọ̀ da nǹkan kan tó ń pa kòkòrò tàbí tó ń bó àwọ̀ aṣọ sínú kòtò yẹn. Ó pe bílíìṣì lórúkọ. Mo gbọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ẹni tó bá gbé ayé ìgbà náà á rántí Sátidé sànìtéṣàn, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù. Kò sí ìrìn títí aago mẹ́wàá, oníkálukú á máa gbálẹ̀, àwọn wolé-wolé á sì máa káàkiri. Ilé iṣẹ́ náà ń gba àlejò wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé imú ni wolé-wolé fi ń ṣàyẹ̀wò: bí wọ́n bá gbọ́ òórùn oògùn ìfọlẹ̀, wọ́n á kọ "ó dára", bí wọ́n bá gbọ́ òórùn míì, wọ́n á dúró. Nítorí náà, láti Èkó títí dé Ìbàdàn, bí wọ́n bá ní wolé-wolé ń bọ̀, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ da nǹkan olóòórùn sí gọ́tà. Ìmọ́tótó wa nìyẹn. Oṣù tó ṣáájú, olórí wọn ti dúró lẹ́nu ilé kòtò mi, ó fi áńkáṣífù bo imú, ó ní kí n kọ orúkọ mi fún òun. Oorun kò kùn mí fún ọjọ́ mélòó kan.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, Mádàámù ti lọ sí Ìbàdàn láti lọ kó ìyẹ̀fun ewéko òkun. Nítorí pé Ìbàfò ni mo háyà yàrá sí, mo gba ọ̀nà inú igbó, mo dé ibi iṣẹ́ kí aago méje tó lù. Kòtò náà ń rùn. Mo wò ó títí. Mo rò ó pé ilẹ̀kùn omi wà ní títì, kò sí ohun tó máa dé ara ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó di Mọ́ńdè, òórùn á sì ti lọ nígbà náà. Mo lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì méjì nínú sítọ́ọ̀ àwọn tó ń fọlẹ̀, mo dà wọ́n sínú kòtò, mo ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pinnu pé bí Làmídì bá dé, n ó sọ fún un kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí Mọ́ńdè.

Àwọn wolé-wolé dé ṣáájú Làmídì, torí àwọn ní àṣẹ láti rìn. Mánija ní kí n mú wọn yí ká. Olórí wọn fa èémí símú lẹ́nu ilé kòtò, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ ò rí i báyìí? Ibi gbogbo ń ta sánsán." Ó ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí Làmídì gba géètì ẹ̀yìn wọlé, aago mẹ́wàá ti kọjá, ó ń sáré torí ó rò pé òun ti pẹ́. Ó ju ọwọ́ sí mi, ó kí àwọn àlejò. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì ásíìdì rẹ̀ lé èjìká, ó kọrí sí ilé kòtò.

Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé mo rí i. Kò ju bí ogójì ẹsẹ̀ lọ láàárín wa. Bí mo bá pariwo pé "Làmídì, má dà á," wolé-wolé á béèrè ìdí, mánija á béèrè ìdí, n ó sì ní láti sọ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni mo da bílíìṣì síbi tí wọ́n ní kí n má dà á sí, torí kí n lè fi tan ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Èmi kò mọ̀ pé nǹkan méjèèjì ń bí èéfín tó ń pani bí wọ́n bá pàdé. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń rò. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ti kọjá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n ó sá lọ bá a. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn.

A gbọ́ ikọ́. Kì í ṣe irú ikọ́ tí èèyàn ń wú. Mo sáré. Ilẹ̀kùn ilé kòtò wà ní ṣíṣí, èéfín kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń kú ń yọ jáde nísàlẹ̀, ó ń fà nílẹ̀. Làmídì wà lórí eékún nínú ilé. Mo wọlé, mo fa èémí kan, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata gígún kún àyà mi. Mo nawọ́, mo kan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gbé orí, kò ríran mọ́, àmọ́ ó mọ̀ pé èmi ni.

Ó ní, "Bọ̀dá Tàfá, ẹ sá."

Mo sá. Àwọn awakọ̀ méjì tó fi aṣọ tútù di imú ló gbé e jáde. Ọkọ̀ àwọn wolé-wolé ló gbé àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù, ó sì kú kí àkókò ìrun Àìlà tó wọlé. Mùsùlùmí ni, wọ́n sin ín ní Ajùwọ̀n kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò.

Títí di òní, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì, mo gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Ibi iṣẹ́ omi tí mo wà báyìí, mo so pátákó kan mọ́ ilẹ̀kùn, a kò sì gbọdọ̀ da ohunkóhun sínú omi láìkọ́kọ́ kọ orúkọ nǹkan náà àti orúkọ ẹni tó dà á síbẹ̀. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé ìfínnífínní ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé iṣẹ́ jókòó lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ikú Làmídì. Mánija ló sọ ọ́: oògùn tó ń ta ni lójú, èyí tí wọ́n fi ń mú ìlẹ̀kẹ̀ le, òun ló di èéfín. Wọ́n bi mí bóyá mo rí nǹkan míì. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Mádàámù jókòó lódì kejì tábìlì, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ kì í pààyàn, kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ omi kòtò wò. Wọ́n ti fa omi náà dà nù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Tàfá, kí lẹ dà sínú kòtò?"

Mo ní, "A ò da nǹkan kan, mà."

Wọ́n ní kí Mádàámù máa lọ. Wọ́n tú páìpù Làmídì, wọ́n da ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ sí ààtàn, wọ́n tún ẹnu kòtò ṣí sódò bí ti àtijọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Ràbì ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú igbá. Mo ní kí gétìmáànù sọ pé n kò sí nílé.

N ò lọ sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ Làmídì, mo ní ara mi kò tíì yá. Ọjọ́ ogójì ni mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní nínú yàrá wọn, ó wà nínú opó, Sùlìyá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wọnú èéfín torí ọkọ òun. Ó wá sọ pé lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, ìrun márààrún, òun máa ń dárúkọ obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn, òun máa ń ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá, kí ọmọ rẹ̀ má sin ín. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ ohun tó rà lọ́jà.

Mo ṣírò ìrun márùn-ún lọ́nà ogójì ọjọ́. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin. Mo ní, "Ìyá Sùlìyá, ẹ má ṣépè fún un mọ́. Kì í ṣe òun." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti bílíìṣì, ti wolé-wolé, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ rí i tó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kọjá?"

Mo ní, "Mo rí i."

"Ó kí yín?"

"Ó kí mi."

Ó fa aṣọ bo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Tàfá, ẹ dìde kúrò nílẹ̀ mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ dákẹ́."

Mo sọ ọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ sí ojú ewé méjì, mo sì gbé e fún mánija. Ó kà á tán, ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, pé bí ìwé yìí bá jáde, ilé iṣẹ́ á ní láti dáhùn fún wolé-wolé àti fún ìjọba, èmi náà á sì lọ sẹ́wọ̀n. Ó ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó dá ìlẹ̀kẹ̀ padà sí omi, n ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Mo kọ̀wé náà níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, mo yà sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán, mo sì sọ fún wọn pẹ̀lú ẹnu mi. Mo tún gba ìsàlẹ̀ odò lọ bá Ìyá Ràbì àti baálẹ̀, mo sọ fún àwọn náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bi.

Ó ku Mádàámù. Mo wọkọ̀ lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, ó wọlé lọ mú ìwé kan àti báírò wá.

Ó ní, "Kẹ́ẹ̀gì mélòó?"

"Méjì, mà."

"Aago mélòó lẹ dà á?"

"Kó tó di aago méje."

"Ásíìdì ńkọ́?"

"Bí aago mẹ́wàá ààbọ̀."

Ó kọ ọ́, lórí ìdúró. Ó ka ohun tó kọ sí mi létí, ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní báírò, mo buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ìyàwó Làmídì. Mo ní òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó mi orí. Ó pa ìwé náà dé, ó sì dúró kí n lè máa lọ. Kò fi omi lọ̀ mí, èmi náà kò sì lè béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ti há mi lọ́fun.